Ògbómọ̀ṣọ́ kan ṣoṣo ló wà, ẹ má sọ ọ́ di mẹ́ta

Bí bàbá bá kú tí àwọn ọmọ pín oko rẹ̀, oníkálukú á mú tirẹ̀ lọ. Ìpín Táíwò kò sí lọ́wọ́ Kẹ́hìndé mọ́. Ohun tí "pín" túmọ̀ sí nìyẹn, ìdí sì nìyí tí kò fi yẹ kí a máa kà á nínú ìròyìn pé iléeṣẹ́ ìjọba méjì "pín ìmọ̀ nípa ilẹ̀." Nígbà tí wọ́n bá fi máàpù han ara wọn, ohun tó wà lọ́wọ́ èkíní kì í dín kù torí pé èkejì rí i. Wọ́n jọ ń lò ó ni. Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní àjọlò.

Àmọ́ àjọlò kò lè wáyé bí orúkọ kò bá bára mu. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní Nàìjíríà sábẹ́ gómìnà, ó sì fún ìjọba ìbílẹ̀ láṣẹ lórí ilẹ̀ tí kì í ṣe ti ìgboro. Nítorí náà, àkọsílẹ̀ nípa ilẹ̀ kan náà lè wà lọ́fíìsì sọ́fè, kó wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ (C of O), kó sì tún wà ní ìjọba ìbílẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ kó o pọ̀, orúkọ ìlú àti ti àdúgbò wà lára ohun tí wọ́n máa fi so ó mọ́ra. Bí ọ̀kan bá kọ Ogbomosho, tí èkejì kọ Ogbomoso, tí ẹ̀kẹta kọ Ògbómọ̀ṣọ́, ìlú mẹ́ta ni kọ̀ǹpútà máa kà á sí.

"Sh" kò sí nínú álífábẹ́ẹ̀tì wa. Láti ayé Bíṣọ́ọ̀bù Ajayi Crowther ni ṣ ti wà nínú ìwé Yorùbá, ní 1974 ni ìjọba sì fọwọ́ sí àkọtọ́ tí a ń kọ́ nílé ìwé. Ṣàgámù ni kí ẹ kọ, ẹ má kọ Shagamu. Òṣogbo ni, kì í ṣe Oshogbo.

Yíyọ àmì kúrò kò sì tún ọ̀rọ̀ náà ṣe. Ẹ kọ Ọ̀wọ̀, ìlú ńlá ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, láìfi àmì sí i, ó di "Owo": ẹni tí kò mọ ìlú náà lè kà á sí owó, ó lè kà á sí ọwọ́. Àwọn orúkọ mìíràn wà tí àmì nìkan kò lè yà sọ́tọ̀. A ní Adó-Èkìtì, a ní Adó-Odò ní ìpínlẹ̀ Ògùn, a tún ní Adó-Àwáyé ní Ọ̀yọ́. Èjìgbò wà ní Ọ̀ṣun, òmíràn wà l'Ékòó. Nínú ìwé ilẹ̀, ẹ má dá "Adó" tàbí "Èjìgbò" kọ láé. Ẹ fi apá tó kù nínú orúkọ náà tàbí orúkọ ìpínlẹ̀ kún un.

Ìṣòro kan wà tí ojú kì í rí. Kọ̀ǹpútà lè tọ́jú "ọ" bíi lẹ́tà kan ṣoṣo, ó sì lè tọ́jú rẹ̀ bí "o" tí wọ́n fi àmì ìsàlẹ̀ kún. Lójú wa, ọ̀kan náà ni wọ́n. Bí kọ̀ǹpútà bá fi wọ́n wéra, kò ní gbà pé wọ́n bára mu. Àwọn tó ń ṣètò àkójọ orúkọ gbọ́dọ̀ mú ọ̀nà kan ṣoṣo, kí wọ́n sọ gbogbo orúkọ di bákan náà kí wọ́n tó fi wọ́n wéra. Kí wọ́n fi orúkọ tó pé àmì ṣe olórí, kí wọ́n wá to Ogbomosho àti Ogbomoso sábẹ́ rẹ̀, kí ẹni tó bá fi wọ́n wá ìlú náà lè rí i.

Irú ìdàrúdàpọ̀ orúkọ yìí ti ṣẹlẹ̀ rí ní Amẹ́ríkà. Ní 1890, Ààrẹ Benjamin Harrison dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ lórí orúkọ ibi, torí pé orúkọ kan náà ń jáde lóríṣiríṣi nínú máàpù ìjọba. Títí dòní, ohun tí ìgbìmọ̀ náà bá fọwọ́ sí ni àwọn iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ibẹ̀ ń lò. Ní 1967, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe ìpàdé àkọ́kọ́ rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí ní Geneva.

Láti 1962 ni òfin ti wà ní Nàìjíríà pé kí iṣẹ́ wíwọn ilẹ̀ àwọn iléeṣẹ́ ìjọba má ṣe forí gbárí. Ó yẹ kí orúkọ ibi pẹ̀lú rí irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Orúkọ ìlú kì í ṣe ohun tí akọ̀wé kan á dá pinnu lórí tábìlì rẹ̀. Kí àwọn ọba, àwọn onímọ̀ èdè àti àwọn tó ń wọn ilẹ̀ jókòó papọ̀, kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì gbé ìwé orúkọ ìlú àti abúlé rẹ̀ jáde pẹ̀lú àmì tó pé. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba ìwé ilẹ̀, ẹ yẹ orúkọ àdúgbò yín wò kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Bí ó bá ṣìnà, ẹ ní kí wọ́n tún un kọ.