Omi Ni Kí Ẹ Máa Ṣọ́

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Ìlú Ọba, ẹ gbọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá bá yín sọ̀rọ̀ nípa oṣù kẹwàá níbí, òtútù ni yóò máa kì fún yín. Wọn á ní kí ẹ ra ẹ̀wù tó nípọn, kí ẹ ra ìbọ̀sẹ̀ onírun. Wọn ò purọ́. Ṣùgbọ́n èmi tí mo ti darúgbó sí gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ máa ṣọ́ láti oṣù kẹsàn-án títí dé oṣù kọkànlá kì í ṣe òtútù. Omi ni. Bí òtútù bá mú yín, ẹ ó wọ aṣọ lé aṣọ. Omi ní tirẹ̀ á wọ inú ògiri, á wọ ìdí igi tí ẹ gbìn sínú ìkòkò, á wọ abẹ́ ọ̀dà tí ẹ fowó yín rà, ẹ ò sì ní mọ̀ títí ilé á fi máa rùn.

Ìgbà ìwọ́wé kì í pẹ́ lọ. Lọ́jọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn oṣù kẹwàá, bí aago bá lu méjì òru, wọ́n á dá a padà sí ọ̀kan. Láti ọjọ́ náà lọ, ẹni tó bá ti ibi iṣẹ́ dé ní aago márùn-ún, òkùnkùn ni yóò pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. (Ọ̀gá kọ́lékọ́lé kan, William Willett, ló gbé ìwé jáde ní 1907 pé kí wọ́n máa yí aago padà. Ó kú ní 1915, òfin jáde ní 1916. Kò jẹ nínú rẹ̀.) Nítorí náà, iṣẹ́ tó bá ń fẹ́ ojúmọmọ, bí iṣẹ́ ọgbà, iṣẹ́ ọ̀dà àti iṣẹ́ etí òrùlé, ẹ ti ṣe é tán kó tó di ọjọ́ náà.

Òkè ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ewé tó ń pọ́n lórí igi, tí ẹ̀ ń ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sílé, inú gọ́tà etí òrùlé ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ń lọ. Bí gọ́tà bá dí, òjò kò ní ibi tó máa gbà mọ́, ara ògiri ni yóò máa ṣàn sí. Ọ̀pọ̀ ilé tí wọ́n kọ́ síbí kí Ogun Àgbáyé Kìíní tó bẹ̀rẹ̀, bíríkì ló kún ògiri wọn pátápátá, kò sí àlàfo kankan láàrin tó máa dá omi dúró. Bí oṣù méjì bá kọjá, ẹ ó rí àbàwọ́n kan lókè fèrèsé, ẹ ó ní ọ̀dà tí wọ́n fi kùn ún ni kò dára. Ọ̀dà kọ́. Ẹni tó bá ní ilé tirẹ̀, kó wá oníṣẹ́ tó ní àkàbà. Ẹni tó háyà ilé, kó kọ̀wé sí lánlọ́ọ̀dù, nítorí òfin Landlord and Tenant Act ti 1985 dárúkọ gọ́tà gan-an nínú ohun tí onílé gbọ́dọ̀ máa tún ṣe. Ẹ má torí pé ẹ lágbára kí ẹ gun òrùlé onílé o.

Ewé tó ti já sílẹ̀ ńkọ́? Ẹ má finá sí i, èéfín rẹ̀ á da ẹ̀yin àti aládùúgbò rú. Ẹ gbá a jọ sínú àpò ìdọ̀tí, ẹ dá ihò sí àpò náà lára, ẹ wọ́n omi díẹ̀ sí i bó bá gbẹ, kí ẹ so ó, kí ẹ sì gbé e sẹ́yìn ilé. Lẹ́yìn ọdún kan sí méjì, ilẹ̀dú ni ẹ ó bá níbẹ̀. Ẹ fi ìwọ̀nba sílẹ̀ ní kọ̀rọ̀ ọgbà fún hedgehog, ẹran kékeré ẹlẹ́gùn-ún kan tó máa ń sùn ní gbogbo ìgbà òtútù. Kòkòrò tó ń ba ẹ̀fọ́ jẹ́ wà lára oúnjẹ rẹ̀. Ó yẹ lálejò.

Ẹni tó bá ti ní ọgbà, bó ṣe ìkòkò mẹ́ta péré ló tò sẹ́yìn ilé, kó mọ̀ pé tẹ̀tẹ̀ àti ewédú tó gbìn nígbà ooru kò ní la ìrì dídì àkọ́kọ́ já. Ẹ má bá wọn wọ ìjàkadì. Ẹ gbọn irúgbìn tẹ̀tẹ̀ sórí bébà, ẹ tọ́jú rẹ̀ síbi gbígbẹ di ọdún tó ń bọ̀. Ẹfinrin àti ewúro inú ìkòkò, ẹ tètè gbé wọn wọlé, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ yẹ abẹ́ ewé wọn wò bóyá kòkòrò wà níbẹ̀. Tòmátì tí kò tíì pọ́n, ẹ ká gbogbo rẹ̀, ẹ kó o sínú páálí pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan tó ti pọ́n. Afẹ́fẹ́ kan tó ń jẹ́ ethylene ló ń jáde lára ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà, òun ni yóò mú tòmátì pọ́n. Àwọn ìyá yín tó ń bo ọ̀gẹ̀dẹ̀ mọ́lẹ̀ nílé ti mọ iṣẹ́ rẹ̀ láìmọ orúkọ rẹ̀.

Oṣù kẹwàá yìí náà ni kí ẹ gbin aáyù. Ẹ ya á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ẹ rì í mọ́lẹ̀ kí ṣóńṣó orí rẹ̀ máa wòkè, níbi tí omi kì í dúró sí. Òtútù ni yóò mú kó pín sí ẹyọ nígbà tó bá yá. Ìyẹn lóore díẹ̀ tí mo mọ̀ tí òtútù ń ṣe. Òdòdó daffodil náà, ìgbà yìí ni, kí tulip dúró di oṣù kọkànlá kí àrùn má bàa tètè mú un. Àwọn tí kò ní ilẹ̀ rárá, ẹ lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ káńsù fún oko kékeré tí wọ́n ń pè ní allotment. Òfin 1908 ló fi ọ̀ràn rẹ̀ lé àwọn káńsù lọ́wọ́, oko kan tó pé sì tó nǹkan bí 250 mítà níbùú lóròó. Ẹ lọ nísinsìnyí, torí èrò tó ń dúró dè é pọ̀.

Ní ti igi inú ilé, ọ̀rọ̀ yín ń pa mí lẹ́rìn-ín. Mo rí ọmọ wa kan tó kó owó gọbọi fún oníṣọ́ọ̀bù nítorí pèrègún. Pèrègún o! Èyí tí a fi ń pààlà oko nílé, tí ẹnikẹ́ni lè ṣẹ́ kó sì rì mọ́lẹ̀. Wọ́n gé e ní kùkùté, wọ́n gbé e sínú ìkòkò, wọ́n pè é ní Dracaena. Ọjá ìkookò tí wọ́n ń pè ní snake plant, ọmọ ilẹ̀ wa lòun náà, láti Nàìjíríà títí dé Kóńgò ló ti ń lalẹ̀ hù. Ní 2017, àwọn onímọ̀ ewéko tilẹ̀ yí orúkọ rẹ̀ padà, wọ́n kó o mọ́ ìdílé pèrègún. Mi ò bá ọmọ náà wí pé ó rà á. Ó dára kí ojú máa rí ohun ilé. Ohun tí mo bá a wí lé lórí ni pé ojoojúmọ́ ló ń bomi rin ín.

Nílé, ojúmọmọ kì í jìnnà sí wákàtí méjìlá látọdún dé ọdún. Níbí, Lọ́ńdọ̀nù tó ń rí ohun tó ju wákàtí mẹ́rìndínlógún lọ nínú oṣù kẹfà, kò ní rí mẹ́jọ kó pé bí oṣù kejìlá bá ń parí lọ. Igi tí kò rí ìmọ́lẹ̀ kò lè dàgbà, èyí tí kò dàgbà kì í fi bẹ́ẹ̀ mu omi. Omi tí ẹ dà sí i á jókòó tì í nídìí, gbòǹgbò á jẹrà, ewé á máa rọ, ẹ ó rò pé òǹgbẹ ló ń gbẹ ẹ́, ẹ ó tún bù kún un. Àánú ló ń pa púpọ̀ igi inú ilé níbí. Ẹ ti ìka bọ ilẹ̀ rẹ̀. Bó bá ṣì tutù, ẹ fi sílẹ̀. Ọjá ìkookò lè lo oṣù kan láìmu omi lásìkò yìí, kò sì ní ṣe é ní nǹkan kan. Ẹ sún wọn mọ́ fèrèsé, ẹ nu eruku ojú ewé wọn, ẹ má gbé wọn lé orí hítà. Ẹni tó bá sì rò pé igi Áfíríkà kò lè pẹ́ nílùú yìí, kó lọ sí Palm House nínú ọgbà ewéko Kew. Igi kan wà níbẹ̀ tí wọ́n gbé wá láti South Africa ní 1775, inú ìkòkò ló wà títí dòní.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta igi fún yín pé ó ń fọ afẹ́fẹ́ ilé. Ìwádìí NASA ti 1989 ni wọ́n máa ń tọ́ka sí, inú àpótí tí wọ́n dé pa ni wọ́n sì ti ṣe é. Nígbà tí àwọn onímọ̀ méjì tún irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ yẹ̀ wò ní 2019, wọ́n rí i pé atẹ́gùn tó ń wọlé tó ń jáde ń ṣe iṣẹ́ náà ju igi lọ fíìfíì. Igi wà fún ojú. Fèrèsé ló wà fún èémí.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ọ̀dà, ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ ti gbọ́ mi yé. Mo mọ̀ pé màgnólíà tí wọ́n ń kùn sí gbogbo ilé àháyà níbí ti sú yín, àwọ̀ bí ògì tó ti kan. Ẹ ti rí búlúù tó ṣú dùdù lórí Instagram, ẹ fẹ́ kùn ún sí pálọ̀. Ẹ gbàṣẹ lọ́wọ́ lánlọ́ọ̀dù ná, kó sì wà lákọsílẹ̀, nítorí owó ìdógò yín. Ẹ sì rántí pé nínú oṣù kejìlá, oòrùn á ti wọ̀ kí aago mẹ́rin tó lù. Pálọ̀ tó bá ṣú dùdù nígbà náà, ẹ̀yin lẹ ó máa gbé inú rẹ̀. Ọ̀dà ògiri kì í gbẹ dáadáa nínú yàrá tó bá tutù ju ìwọ̀n 10 Celsius lọ. Òwúrọ̀ ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀, kí àkọ́kùn gbẹ délẹ̀ kí ẹ tó tún un kùn. Ẹ fọ ògiri, ẹ dí ojú ibi tó sán. Àwọn àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́. Níbí tí aláǹgbá ti ṣọ̀wọ́n, omi ló ń wọ̀ ọ́. Bí ilé bá ti pẹ́, ẹ má fi sáńpépà ha ọ̀dà àtijọ́ ní gbígbẹ. Òjé wà nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀, 1992 ni wọ́n tó fòfin dá títà rẹ̀ fún ará ìlú dúró, eruku rẹ̀ sì burú fún ọmọdé àti aboyún.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí i pé ògiri ti bu, tí àmì dúdú ti ń hù ní kọ̀rọ̀ àjà tàbí lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Ẹ wá ibi tí omi ti ń wá. Ó lè jẹ́ gọ́tà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Ó sì lè jẹ́ ẹ̀yin fúnra yín. Mọ́ín-mọ́ín tó ń hó fún wákàtí kan, aṣọ tútù tí ẹ sá sórí hítà, omi gbígbóná tí ẹ fi wẹ̀, gbogbo ooru wọn ló ń rìn kiri títí yóò fi kan ibi tó tutù, níbẹ̀ ni yóò ti di omi padà. Àwọn tó ṣíwájú wa dé ní nǹkan bí 1960, ẹ̀rọ oníkẹrosíìnì ni wọ́n fi ń mú yàrá gbóná, bẹ́ẹ̀ lítà kẹrosíìnì kan tó bá jó, bí i lítà omi kan ló ń tú sínú ilé. Nítorí náà, ẹ máa dé ìkòkò. Ẹ ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná, ẹ ṣí fèrèsé rẹ̀. Láràárọ̀, ẹ nu fèrèsé tó bá làágùn, kí ẹ ṣí i fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo mọ̀ pé owó gáàsì wọ́n. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò ní kó gbogbo ooru ilé lọ. Ibi tó ti bu níwọ̀nba, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ bo imú, ẹ fi oògùn rẹ̀ fọ̀ ọ́. Ẹ má da bleach pọ̀ mọ́ oògùn ìfọlé mìíràn láé. Gáàsì tó lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ ló ń jáde níbẹ̀.

Ọmọ kan wà ní Rochdale, lẹ́bàá Manchester, Awaab Ishak lorúkọ rẹ̀. Ọmọ ọdún méjì ni nígbà tó kú ní oṣù kejìlá 2020. Ní oṣù kọkànlá 2022, adájọ́ tí wọ́n ń pè ní coroner, tó wádìí ikú rẹ̀, sọ pé ògiri tó bu nínú fúláàtì àwọn òbí rẹ̀ ló fa àìsàn èémí tó pa á. Láti 2017 ni bàbá rẹ̀ ti fẹjọ́ sùn. Ohun tí àwọn onílé sọ fún un ni pé kó kun ọ̀dà lé e. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ikú ọmọ yìí ló bí òfin tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 27 oṣù kẹwàá 2025: ilé káńsù àti ti àwọn àjọ onílé ló kọ́kọ́ kàn, wákàtí mẹ́rìnlélógún ni wọ́n ní bí ewu bá jẹ́ ti pàjáwìrì, ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá ni wọ́n sì ní láti wá yẹ ògiri tó bu wò.

Nítorí náà, ẹni tí ògiri yàrá rẹ̀ bá ti bu nínú yín, tó sì jẹ́ ilé onílé ló ń gbé, kó kọ̀wé lónìí. Kó fi fọ́tò àti ọjọ́ sí i, kó tọ́jú ẹ̀dà kan. Bí ọmọ bá ń wúkọ́, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, kí ẹ sì dárúkọ ògiri náà fún un. Bí ẹ̀rù lánlọ́ọ̀dù bá ń bà yín, ẹ lọ gba ìmọ̀ràn ní Citizens Advice, wọn kì í gba owó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kun ọ̀dà lé e.