Whot Alájọta: Káàdì Wo Ló Lágbára Jù?

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi, bí a bá ń dúró de ọkọ̀ ojú omi ní Ìpakodò, Whot ni a máa ń ta. Káàdì 54 ni. Àwa mẹ́rin máa ń pín sí ọ̀nà méjì. Ẹnìkejì mi a kọjú sí mi, àwọn alátakò a wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ọ̀nà tí ẹni kan nínú wọn bá kọ́kọ́ tán káàdì ló borí.

Ẹ jẹ́ ká wo 14, general market. Bí kálukú bá ń ta tirẹ̀, alátakò mẹ́ta ló máa mú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n níbí, ẹnìkejì mi náà yóò mú: 2 − 1, èrè wa kò ju 1 lọ. Pick two fún wa ní èrè 2. 8 ń fo alátakò, àyè sì bọ́ sọ́wọ́ ẹnìkejì mi.

Nítorí náà, kí ẹ tó ju káàdì, ẹ bi ara yín: ta ni yóò jìyà rẹ̀? Bí ó bá ku káàdì kan ṣoṣo lọ́wọ́ ẹnìkejì yín, 14 tí ẹ jù lè gba ayò náà lọ́wọ́ yín.

Ẹ ṣírò 5 wò fúnra yín: mélòó ni èrè pick three?