Ètò-ìdarí Aláìlólùtọ́jú: Ọ̀rọ̀ Kan àti Ewu tí Ó Dúró fún

1.0 Ìfáárà
Iṣẹ́ yìí dá lé ìbéèrè kan tí ó máa ń da olùtumọ̀ láàmú: kí ni kí á pe ètò-ìdarí kọ̀ǹpútà tí ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é kò tún un ṣe mọ́, ṣùgbọ́n tí ó ṣì ń ṣiṣẹ́? Ètò-ìdarí ni àkójọ àṣẹ tí ó ń darí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ àti gbogbo ètò mìíràn tí ń bẹ lórí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà le jù lórí kọ̀ǹpútà-àgbà, èyí tí òyìnbó ń pè ní mainframe, nítorí pé inú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ báńkì àti ìjọba ń kó àkọsílẹ̀ owó àti ti ènìyàn sí.

2.0 Àwọn orúkọ tí kò bá a mu
Àwọn kan ń pè é ní 'ètò àtijọ́'. Èyí kò tó, nítorí pé ohun àtijọ́ lè ní olùtọ́jú. Àwọn mìíràn ń pè é ní 'ètò tí ó ti kú'. Èyí náà kò tọ̀nà. Ẹ jẹ́ kí á wo z/OS, ètò-ìdarí tí IBM ń ṣe fún kọ̀ǹpútà-àgbà rẹ̀. Ẹ̀dà 2.3 rẹ̀ jáde ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2017. Ìtọ́jú gbogboògbò rẹ̀ sì dópin ní ìparí oṣù kẹsàn-án ọdún 2022. Ètò náà kò dákẹ́ ní ọjọ́ kejì. Olùtọ́jú ni ó kúrò lẹ́yìn rẹ̀. Nítorí náà, a dábàá 'ètò-ìdarí aláìlólùtọ́jú'.

3.0 Ewu tí ọ̀rọ̀ náà dúró fún
Ilé-iṣẹ́ tí ó bá fẹ́ pa kọ̀ǹpútà-àgbà rẹ̀ tì lè sọ pé òun kò ní náwó lé ohun tí ń lọ. Ewu mẹ́rin ni ó wà níbẹ̀:
(i) Bí a bá rí àléébù tí olè lè gbà wọlé, àtúnṣe rẹ̀ kì yóò dé.
(ii) Bí ètò bá daṣẹ́ sílẹ̀, kò sí ẹni tí a óò ké sí.
(iii) Bí ẹ̀rọ bá bàjẹ́ tí a sì gbé tuntun wá, tuntun náà lè má gba ètò àtijọ́.
(iv) Ọjọ́ ìpatì máa ń sún síwájú, nítorí pé kíkó àkọsílẹ̀ ọ̀pọ̀ ọdún lọ sórí ẹ̀rọ mìíràn kì í yá bí a ti rò. Àwọn òṣìṣẹ́ tí ó mọ ètò náà sì ń fẹ̀yìntì.
Kí ìtọ́jú tó dópin, ó yẹ kí wọ́n gba gbogbo àtúnṣe tí ó wà nílẹ̀, kí wọ́n béèrè iye tí àfikún ìtọ́jú yóò ná wọn, kí wọ́n dín ọ̀nà tí ó wọ inú ẹ̀rọ kù, kí wọ́n sì dán àdàkọ àkọsílẹ̀ wò bóyá ó ṣeé dá padà.

4.0 Àgbálọgbábọ̀
Ẹni tí ń kó kúrò nílé kì í yọ ilẹ̀kùn nígbà tí ẹrù rẹ̀ ṣì kù nínú iyàrá. Bí olùtumọ̀ bá kọ 'àtijọ́', ọ̀gá ilé-iṣẹ́ yóò rò pé ọjọ́ orí ni ìṣòro; bí ó bá kọ 'ó ti kú', ọ̀gá yóò wo ẹ̀rọ tí ń ṣiṣẹ́, yóò sì kà á sí irọ́. 'Aláìlólùtọ́jú' ni yóò mú un béèrè pé: bí ó bá bàjẹ́ lónìí, ta ni yóò tún un ṣe?