Iṣan Mélòó Ló Wà Nínú Iṣan?

Gbólóhùn kan wà tí kì í wọ́n lẹ́nu àwọn olóòtú ètò ìlera lórí rédíò àti àwọn tí ń polówó àgbo, pé iṣan ọpọlọ ló já tí rọpárọsẹ̀ fi kọlu ènìyàn. Gbólóhùn náà ń ṣi olùgbọ́ lọ́nà, nítorí pé iṣan ẹ̀jẹ̀, ìyẹn ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà dé inú ọpọlọ, ló ń dí tàbí tó ń bẹ́ nínú àrùn yìí, nígbà tí iṣan tí ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ sí ara jẹ́ ohun mìíràn pátápátá. Ẹni tó bá gbà pé okùn kan ló já yóò máa wá ẹni tí yóò fọwọ́ ra á, àwọn wákàtí tó yẹ kí a fi gbé aláìsàn dé ilé ìwòsàn yóò sì kọjá lọ.

Síbẹ̀, ẹ̀bi kò sí lọ́rùn ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. Bí ẹni tó ń pariwo bá ń bínú, iṣan ọrùn rẹ̀ a yọ, ẹ̀jẹ̀ ló sì wà nínú ìyẹn; bí eléré ìje bá ṣíwọ́ lójijì, tó di itan mú, iṣan rẹ̀ ló fà; èyí tó sì ń le koko lábẹ́ ọ̀bẹ alápatà, iṣan náà ni. Àwọn kan a máa tètè sọ pé ara ṣàn ni ọ̀rọ̀ yìí ti jáde, ṣùgbọ́n ohùn kò gbè wọ́n: ìṣàn ni ọmọ tí ṣàn bí, ohùn ìsàlẹ̀ ló sì gbé sílébù méjèèjì rẹ̀, nígbà tí iṣan dúró lórí ohùn àárín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bẹ́ẹ̀ ni iṣan alápatà kò ṣàn lọ síbì kankan.

Irú ìpàdé ìtumọ̀ púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ kan bẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ̀ nínú èdè Gíríìkì àtijọ́, níbi tí neuron, orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pe sẹ́ẹ̀lì iṣan lónìí, ti kọ́kọ́ jẹ́ orúkọ iṣan líle tó so ẹran mọ́ egungun àti ọsán tí a ń fà lórí ọrun, kí Herophilus àti Erasistratus, tí wọ́n la òkú yẹ̀ wò ní Alẹkisáńdíríà ní ọ̀rúndún kẹta ṣáájú ìbí Kristi, tó ya iṣan tó so mọ́ ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn sọ́tọ̀. Iṣan ìbàdí Jákọ́bù náà, nínú Jẹ́nẹ́sísì orí 32, gba ọ̀nà yìí: ohun líle inú ẹran ni àwọn olùtumọ̀ kan kà á sí, ṣùgbọ́n àṣà àwọn Júù gbà pé iṣan ńlá tó ti ìbàdí sọ̀ kalẹ̀ sí ẹsẹ̀ ni, èyí tí ń gbé ìròyìn.

Ohun tí irú iṣan bẹ́ẹ̀ ń ṣe kò jọ ti okùn rárá. Camillo Golgi, ará Ítálì, tó fi èròjà fàdákà kun sẹ́ẹ̀lì iṣan ní 1873 kí ó lè hàn, rò pé gbogbo wọn so pọ̀ bí àwọ̀n. Santiago Ramón y Cajal, ará Sípéènì, lo ọgbọ́n kíkùn kan náà, ó sì fi hàn láti 1888 pé sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan dá dúró. Àwọn méjèèjì ló jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 1906, Cajal ló sì jàre. Iná mànàmáná ni iṣẹ́ tí a rán fi ń sáré láti orí sẹ́ẹ̀lì dé ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá dé àlàfo tín-ínrín tó wà láàárín sẹ́ẹ̀lì kan àti èkejì, èròjà kẹ́míkà inú ara ló sábà máa ń gbé e sọdá.

Nítorí náà, iṣan ìmọ̀lára, tí àwọn òǹkọ̀wé kan yàn láti fi pe iṣan tí ń jíṣẹ́ yìí, mú ìdajì òtítọ́ lásán, nítorí pé ó sọ ti ìròyìn tó ń lọ sọ́dọ̀ ọpọlọ, kò sì sọ ti àṣẹ tó ń padà wá kí ẹsẹ̀ tó gbéra. Iṣan òjíṣẹ́ ì bá gbé alọ àti àbọ̀. Iṣan ara, ní tirẹ̀, ló ti gbalé gboko, àwọn tí ń sọ eré bọ́ọ̀lù sì ń fi orúkọ kan náà pe ẹran itan agbábọ́ọ̀lù, kò sì sí ẹni tí yóò tún gbà á lẹ́nu wọn mọ́. Kí wọ́n máa lò ó lórí pápá, ṣùgbọ́n kí ẹni tó ń kọ ìwé ìlera má ṣe kọ iṣan lásán láìsọ èyí tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ àti èyí tó ń jíṣẹ́.