Má Fi Orúkọ Òògùn Pe Àìsàn

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni mí. Ọ̀gá wa ní kí n kọ àbọ̀ lórí bóyá kí wọ́n fòfin de ọ̀kadà nílùú wa. Ẹni tí mo bá bi léèrè, ohùn tirẹ̀ ọ̀tọ̀. Níbo ni kí n ti mú un?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, o káre tí o béèrè kí o tó gbé bírò. Eugene Bardach, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì California ní Berkeley, pín irú iṣẹ́ yìí sí ìgbésẹ̀ 8. Èyí àkọ́kọ́ ni mo fẹ́ kí o farabalẹ̀ sí jù: kí ni ìṣòro náà gan-an?

Wo iṣẹ́ tí ọ̀gá rẹ rán ọ. “Ká fòfin de ọ̀kadà” kì í ṣe ìṣòro, ojútùú ni. Ẹni tó bá fi orúkọ òògùn pe àìsàn kò ní wá òògùn mìíràn mọ́. Ṣé jàǹbá ọkọ̀ ló ń dun ìlú ni, àbí olè tó ń fi ọ̀kadà sá lọ? Ọ̀nà àbáyọ àwọn méjèèjì kò rí bákan náà. Kọ ọ́ ní gbólóhùn kan tí ọ̀kadà kò sí nínú rẹ̀, bí àpẹẹrẹ: “Àwọn tó ń fara pa lójú pópó wa ti pọ̀ jù.”

Lẹ́yìn náà, wá ẹ̀rí. Bi ẹ̀ṣọ́ ojú pópó àti ilé ìwòsàn. Dúró sí oríta láàárọ̀, kí o tún dúró síbẹ̀ lálẹ́. Ka iye ẹni tó dé akoto. Bi nọ́ọ̀sì tó ń lọ síṣẹ́ alẹ́ pé kí ni ì bá wọ̀ ká ní kò sí ọ̀kadà.

Wá to gbogbo ohun tí ìjọba lè ṣe sílẹ̀. “Ká fi í sílẹ̀ bó ṣe wà” gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, torí òun ni wàá fi díwọ̀n ìyókù. Ẹ̀mí mélòó ni ọ̀kọ̀ọ̀kan lè dá sí? Èló ló máa ná wa? Ta ni ìyà rẹ̀ máa jẹ jù? Ta ló máa mú un ṣẹ lẹ́yìn ọdún kan?

Ìbéèrè ìkẹyìn yẹn ṣe kókó gan-an. Wo ti Èkó: ní 2012, òfin ìpínlẹ̀ náà lé ọ̀kadà kúrò ní títì 475. Ní February 2020, wọ́n tún fòfin dè é ní ìjọba ìbílẹ̀ 6, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ sì fẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́. Ó di 2021 kí bọ́ọ̀sì kéékèèké tó ń gbé èrò láti inú àdúgbò tó jáde. Nígbà tó fi máa di June 2022, wọ́n tún ní láti fòfin de ọ̀kadà níbi mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yẹn kan náà.

Èyí tí o bá fara mọ́, sọ ohun tí ìlú máa pàdánù níbẹ̀, má fi pa mọ́ fún ọ̀gá rẹ. Bardach ní kí èèyàn lè ṣàlàyé àbọ̀ rẹ̀ fún ìyá àgbà. Èmi fi kún un pé kí o ka ibi tó kan ọlọ́kadà fún ọlọ́kadà kan ní oríta. Bó bá ní o ò gbọ́ tòun, padà lọ gbọ́ ọ kí o tó gbé àbọ̀ náà sórí tábìlì ọ̀gá.