Eyín Erin àti Ìdájọ́: Ẹ̀kọ́ láti Ilẹ̀ Tanzania

Ẹ̀yin ará wa àti ẹ̀yin olùkọ́, ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó mọ erin nínú oríkì àti nínú ìtàn àwọn ọdẹ, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni ó ti fi ojú rí i nínú igbó rí. Ní Tanzania, ní ìhà ìlà-oòrùn Áfíríkà, erin kì í ṣe àjèjì bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a kà wọ́n ní ọdún 2009, wọ́n tó nǹkan bí 109,000. Nígbà tí a tún kà wọ́n ní ọdún 2014, nǹkan bí 43,000 péré ni ó kù. Nínú erin márùn-ún, mẹ́ta ti lọ láàárín ọdún márùn-ún. Ẹ jẹ́ kí a wádìí bí èyí ti rí bẹ́ẹ̀, àti bí ìdájọ́ ti bá díẹ̀ nínú àwọn tí ó wà nídìí rẹ̀.

1. Ìdí tí eyín fi di ikú erin

A lè béèrè pé, èéṣe tí a kò fi gé eyín náà kí a sì dá ẹ̀mí erin sí? Ìdáhùn ni pé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta eyín náà ni ó rì sínú egungun orí; ẹni tí ó bá sì fẹ́ gbogbo rẹ̀ yóò pa ẹran náà. Oṣù 22 ni abo erin fi ń lóyún, ọmọ kan ṣoṣo ni ó sì sábà máa ń bí. Nítorí náà, ohun tí ìbọn bàjẹ́ ní òru ọjọ́ kan, ọ̀pọ̀ ọdún ni yóò gbà kí ó tó padà bọ̀ sípò. Ìdí nìyí tí àwọn orílẹ̀-èdè tí ó wà nínú àdéhùn CITES fi pinnu ní ọdún 1989 pé kí òwò eyín erin láàárín orílẹ̀-èdè àti orílẹ̀-èdè dáwọ́ dúró. Ṣùgbọ́n òfin nìkan kò pa ìfẹ́ owó.

2. Ẹni tí ó wà lẹ́yìn ọdẹ

Ọjọ́ tí erin bá kú, onírúurú ọ̀bẹ ni à ń rí. Ẹni tí ó yìnbọn gba owó kékeré. Ẹni tí ó rù ú jáde gba tirẹ̀. Ẹni tí ó fi ìwé èké bò ó ní èbúté gba tirẹ̀. Èrè tí ó pọ̀ jù sì di ti ẹni tí kò fi ẹsẹ̀ tẹ igbó. Àwọn baba wa wí pé, ẹni tí ó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tí ó gbà á sílẹ̀.

Ẹjọ́ Yang Fenglan fi òtítọ́ òwe yìí hàn. Obìnrin ará Ṣáínà ni, ó sì dé Tanzania ní ọdún 1975 gẹ́gẹ́ bí ògbufọ̀ èdè Swahili, nígbà iṣẹ́ ojú irin tí ó lọ sí Zambia. Lẹ́yìn náà ó di oníṣòwò tí a mọ̀, ó sì ní ilé oúnjẹ. Ní ọdún 2015 ọwọ́ òfin tẹ̀ ẹ́. Ní oṣù kejì ọdún 2019, ilé ẹjọ́ Kisutu ní Dar es Salaam dá a lẹ́bi pẹ̀lú ọkùnrin ará Tanzania méjì, pé láàárín ọdún 2000 àti 2014 wọ́n ṣòwò eyín erin tí ó tó 860. Ẹ̀wọ̀n ọdún 15 ni a dá fún wọn.

A kò ṣe irú iṣẹ́ yìí láìfi ẹ̀mí wéwu. Wayne Lotter, ọ̀kan nínú àwọn tí ó dá ẹgbẹ́ PAMS sílẹ̀ láti ran àwọn olùṣọ́ erin àti àwọn olùwádìí lọ́wọ́, ni a yìnbọn pa ní Dar es Salaam ní oṣù kẹjọ ọdún 2017.

3. Agbára ẹ̀rí

Àjànàkú kọjá "mo rí nǹkan fìrí". Bí a bá rí erin, kí a sọ pé a rí erin. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ilé ẹjọ́ ń béèrè. Ní ọdún 2014, àwọn ọlọ́pàá Kenya rí eyín erin tí ó ju tọ́ọ̀nù méjì lọ nínú ilé ìkẹ́rù kan ní Mombasa. Ní ọdún 2016 a dá ẹ̀wọ̀n 20 ọdún fún oníṣòwò kan lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2018 ilé ẹjọ́ gíga dá a sílẹ̀, nítorí àbùkù tí ó rí nínú ẹ̀rí. Ẹ̀tọ́ ni pé kí a dá ẹni tí ẹ̀rí kò mú sílẹ̀. Eyín wà níbẹ̀, erin sì ti kú. Ṣùgbọ́n ẹrù tí ẹ̀rí kò so mọ́ ẹnìkan kò lè dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi.

Nítorí náà ni iṣẹ́ ọ̀mọ̀wé Samuel Wasser ti Yunifásítì Washington ní Amẹ́ríkà fi ṣe iyebíye. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìgbẹ́ erin jọ láti ọ̀pọ̀ igbó Áfíríkà, wọ́n sì wo àmì ìran inú rẹ̀, èyí tí a ń pè ní DNA. Bí a bá gba eyín kan ní èbúté, àmì inú rẹ̀ yóò sọ agbègbè tí a ti pa erin náà. Ní ọdún 2018 wọ́n fi hàn pé a máa ń rí eyín méjèèjì erin kan nínú ẹrù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tí ó gba èbúté kan náà jáde. Ẹrù kan sì ń jẹ́rìí sí èkejì. Ẹ̀rí yìí tọ́ka sí ẹgbẹ́ ńlá mẹ́ta: ní Mombasa, ní Entebbe ní Uganda, àti ní Lomé ní Togo.

4. Ohun tí ó kàn wá

Lomé kò jìnnà sí wa. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, ní Àbújá, ìjọba Nàìjíríà run tọ́ọ̀nù méjì àbọ̀ eyín erin tí a ti gbà lọ́wọ́ àwọn arúfin. Erin díẹ̀ sì ṣì wà nínú igbó Ọmọ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Àwọn baba wa ní Ọ̀wọ̀ fi eyín erin gbẹ́ ọnà tí ayé ń yìn títí di òní. Àwa kò tàbùkù iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ní ayé tiwa, ẹni tí ó bá ra eyín tuntun ti ra ìbọn tí yóò pa erin mìíràn. Ṣáínà ti ọjà eyín erin inú ilẹ̀ rẹ̀ ní ìparí ọdún 2017. Bí olùrà bá kọ̀, kí ni olùtà yóò ṣe? Ẹ jẹ́ kí a fi èyí kọ́ àwọn ọmọ wa.

Ìbéèrè fún kíláàsì

(a) Èéṣe tí a kò fi lè gba gbogbo eyín erin láìpa á?
(b) Nínú ọdẹ àti olùrà, ta ni ẹ̀bi rẹ̀ pọ̀ jù, kí sì ni ìdí rẹ̀?
(d) Báwo ni eyín kan ṣe lè jẹ́rìí sí èkejì?