Ìrìn-àjò Wa sí Kano, àti Ìbéèrè Kan ní Ọjà Kurmi

Gbogbo ọpẹ́ ń bẹ fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó tẹ́ ilẹ̀ bí ẹní fún ẹ̀dá. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀ pátá.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, lọ́kùnrin lóbìnrin, ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ tí Ọlọ́hun pa á láṣẹ nínú Kùránì Alápọ̀nlé pé kí á rin orí ilẹ̀, kí á sì wo bí ìgbẹ̀yìn àwọn tó ṣáájú wa ṣe rí. Ẹ wo Súúrà Ar-Rúùm, ẹsẹ 9, àti Súúrà Al-Hajj, ẹsẹ 46. Àwa tí a ń kọ́ ọmọ ní kéwú a máa ka àwọn ẹsẹ wọ̀nyí láti òwúrọ̀ dalẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wa kì í rin ìrìn-àjò kan àfi ti ìsìnkú tàbí ìgbéyàwó. Ìdí nìyí tí a fi kó ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta, tí a forí lé Kano ní oṣù Kejìlá ọdún 2019. Láti Ìbàdàn, a sun Ìlọrin, a sun Abuja, a wọ ọkọ̀ ojú irin ní Idu títí dé Rigasa ní Kaduna nítorí ẹ̀rù ojú ọ̀nà, a sì wọ mọ́tò parí rẹ̀.

Ohun tí àwọn ọmọ kọ́kọ́ bi wá ni ti ìrun. Ní ọ̀nà Ìmáámù Máliki tí àwa ń tẹ̀lé, ẹni tí ibi tó ń lọ bá jìn tó nǹkan bí máìlì 48 yóò kí Ayílà, Alásárì àti Ìṣáì ní ráká méjì méjì. Mọ̀gàríbì kò yí padà, bẹ́ẹ̀ ni Àsùbáà. Bí ó bá sì gbèrò láti lo ọjọ́ mẹ́rin gbáko níbì kan, kí ó máa kí i pé. Ọjọ́ mẹ́ta ni tiwa.

Òkè Dala ni a kọ́kọ́ gùn. Níbẹ̀ ni àwọn alágbẹ̀dẹ àtijọ́ ti ń ṣiṣẹ́ irin kí Kano tó di ìlú ńlá. Ìtàn àwọn ọba Kano sọ pé ayé Sarki Gijimasu, láti ọdún 1095 sí 1134, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ odi ìlú. Èyí tó ṣẹ́kù nínú odi náà kò dùn ún wò. Òjò ti jẹ òmíràn, ènìyàn sì ti wú òmíràn fi kọ́lé. Ní Kofar Mata, a dé ibi kòtò aró. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ sọ pé láti ọdún 1498 ni. Ẹlú, eérú àti kán-ún ni wọ́n ń dà sínú kòtò, ọkùnrin ló sì ń rẹ aṣọ. Ìyàwó wa, tí ìyá rẹ̀ àgbà jẹ́ aláró ní Abẹ́òkúta, rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní ní ilé àwọn, ta ni yóò jẹ́ kí ọkùnrin sún mọ́ ìkòkò aró!

Ọjà Kurmi ni ọ̀rọ̀ wà. Sarki Muhammad Rumfa, tó jọba láti ọdún 1463 sí 1499, ló dá a sílẹ̀. Ní ayé rẹ̀ náà ni Sheikh Muhammad Al-Maghili, ọmọ Tlemcen, wá sí Kano, tí ó sì kọ ìwé fún un lórí ojúṣe ọba. Mọ́lámù kan tí a bá kírun Ayílà ní mọ́sálásí ẹ̀bá ọjà ló mú wa rìn. A kò gbọ́ Hausa, òun náà kò gbọ́ Yorùbá. Èdè Lárúbáwá la fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀, àwọn ọmọ ilé-kéwú tó ń bi wá pé kí ni a ń kọ́ ọ fún ì bá wà níbẹ̀! Ó fi ibi tí wọ́n ti ń ta gàárì ẹṣin àti awọ hàn wá. Ó dúró níbì kan, ó ní ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ta ẹrú láyé àtijọ́. Kí a tó túmọ̀ rẹ̀, ọmọbìnrin wa, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ti gbọ́ ohun tí mọ́lámù wí. Ó ní, “Bàbá, ṣé wọ́n ta àwọn tiwa níbí?”

A kò dá a lóhùn. A ní kí ó máa wo ẹsẹ̀ rẹ̀, pé gọ́tà ń bẹ níwájú.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, oorun kò kùn wá. Ó ti pẹ́ tí a ti ń kọ́ ọmọ ní ìtàn Kano àti Timbuktu, ògo nìkan la sì ń sọ. A mọ̀ pé Clapperton, òyìnbó tó dé Kano ní ọdún 1824, kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí ní ọjà ẹrú ibẹ̀. A mọ èyí tó tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí a kà á ní yunifásítì. Ní ọdún 1615, àwọn ará Tuwat béèrè lọ́wọ́ Sheikh Ahmad Baba ti Timbuktu pé ẹrú wo ló tọ́ láti rà. Ó kọ ìwé *Mi'raj al-Su'ud* fún wọn. Ó dá Kano, Katsina àti Bornu mọ́ ilẹ̀ Mùsùlùmí, ó ní a kò gbọdọ̀ ta ọmọ wọn. Ó tún ka àwọn tó jẹ́ kèfèrí. Orúkọ Yorùbá wà nínú wọn. Àwọn onímọ̀ ìtàn sọ pé ibẹ̀ wà lára ibi àkọ́kọ́ tí orúkọ wa ti jẹyọ nínú ìwé.

Kí á má ṣe purọ́ mọ́ ààfáà. Ó kọ̀ jálẹ̀ pé àwọ̀ dúdú kì í ṣe ìdí tí a fi ń sọ ènìyàn di ẹrú, ó sì ta ko àwọn tó ń fi ìtàn ọmọ Ànábì Núhù gbe ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹ̀. Mùsùlùmí tí wọ́n kó, ó ní kí wọ́n tú u sílẹ̀. Àmọ́ ọ̀nà tó ṣí fún àwọn kan, ó dí i mọ́ àwọn mìíràn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a pe ọmọ náà jókòó, a ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ta àwọn tiwa.” A sọ fún un pẹ̀lú pé àwa fúnra wa tà. Ogun tí Yorùbá ń bá Yorùbá jà ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ló kó ọ̀pọ̀ ènìyàn sọ́wọ́ olówò ẹrú, ti etíkun àti ti òkè Ọya. Àwọn Mùsùlùmí wà lára wọn. Àwọn ló dìde ní Salvador ní ilẹ̀ Brazil nínú oṣù Ramadan, ní oṣù Kínní ọdún 1835, tí wọ́n ń pè ní Malê, láti inú Ìmàle wa. A ka Súúrà Al-Balad fún un, níbi tí Ọlọ́hun ti pe títú ẹrú sílẹ̀ ní ara òkè gíga tí ènìyàn gbọ́dọ̀ gùn. Ó ní òun ti há súúrà náà sórí tipẹ́, kò sí ẹni tó sọ fún òun pé ohun tó wà nínú rẹ̀ nìyẹn. Àwa la kọ́ ọ.

Ó wá béèrè pé wọ́n mà kó Ahmad Baba alára ní ìgbèkùn lọ sí Marrakesh rí, báwo ló ṣe wá kọ bẹ́ẹ̀? Òótọ́ ni. Ní ọdún 1594 ni wọ́n kó o, nǹkan bí ọdún 1608 ni ó tó padà sílé. Ìyá rẹ̀ ló dá a lóhùn, ó ní, “Ó dùn ún nítorí Mùsùlùmí bíi tirẹ̀ ni wọ́n hùwà bẹ́ẹ̀ sí. Àwọn tiwa, kò mọ̀ wọ́n lójú.” Àwa kò rò pé àìmọ̀ tó àwáwí fún ẹni tó ní ìmọ̀ tó bẹ́ẹ̀, a sì sọ bẹ́ẹ̀. Ìyàwó wa kò gbà. Títí tí a fi padà dé Ìlọrin la ń jiyàn.

Láti ìgbà náà, bí a bá dé orí Ahmad Baba ní kíláàsì, a máa kọ orúkọ àwọn ìlú náà sójú pátákó ní Lárúbáwá, a óò ní kí àwọn ọmọ kà wọ́n jáde. Wọ́n máa ń dákẹ́ tí wọ́n bá kan tiwa. Ìwé tí Al-Maghili kọ fún Rumfa la óò yẹ̀ wò lóṣù tó ń bọ̀, bí Ọlọ́hun bá fẹ́.